Ìgbéyàwó lórí òkè oníyìnyín: ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejì 2027. Ilé bàbá mi níbí la ti máa ṣe ìdána, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ìta gbangba lórí òkè tí yìnyín bò la fẹ́ wà. A ò fẹ́ gbọ̀ngàn, a ò fẹ́ kánópì. Òkè Ìdànrè la ti pàdé, àtìgbà náà lọkọ mi lọ́la sì ti ń sọ pé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì sínú yìnyín lòun máa ti gbé mi níyàwó.

Èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fẹ́ mú dání. Zermatt ní Switsaláǹdì la ní lọ́kàn, nítorí òkè Matterhorn tó wà níbẹ̀ (4,478 mítà). A ti wo àwòrán rẹ̀ títí. Ṣé ó ṣeé ṣe fún irú wa? Kí la máa wọ̀? Báwo la ṣe máa bá àwọn òbí sọ ọ́? Mo mẹ́nu kàn án fún màmá mi lánàá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ló máa náwó fún ẹ nínú òtútù?"

Ajòrosùn
Ọyẹ́ fẹ́ díẹ̀ ní December, gbogbo Mọ́kọ́lá ti wọ sẹ́wẹ́tà. Ẹ̀yin ní ẹ ń lọ bá yìnyín nílé rẹ̀. Mo kí yín. Ṣé wọ́n ń ta ìgbín níbẹ̀ ṣá?

Agbẹjọ́rò_Agodi
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Ní Switsaláǹdì, ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan lòfin mọ̀, pásítọ̀ tàbí àlùfáà kò sì gbọdọ̀ so yín pọ̀ ṣáájú ìyẹn. Kí àjèjì tó kó gbogbo ìwé tí wọ́n máa bèèrè jọ, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ti lè bímọ.

Torí náà, ẹ ṣe kóòtù níbí. Ẹ lọ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ 21. Tí ẹnikẹ́ni kò bá wá takò yín, wọ́n á fún yín níwèé àṣẹ. Ẹ kíyè sí i pé oṣù mẹ́ta péré lẹ ní, láti ọjọ́ tí ẹ ti fi ìkéde sílẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́yìn kóòtù, ohunkóhun tí ẹ bá lọ ṣe lórí òkè, àdúrà àti ẹ̀jẹ́ ni. Ẹ kàn sọ fún pásítọ̀ yín kó má tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn níbẹ̀.

Abárìnjò
Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Schengen, ìyẹn físà tí wọ́n fi ń wọ Switsaláǹdì, jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa ní ìwé ìbánigbófò ìlera tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Owó yẹn kọ́ ni mo ń rò fún yín. Olúkúlùkù ni wọ́n máa yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fún èèyàn mẹ́tàlá, tí wọ́n wá kọ bàbá ọkọ, ṣé ẹ máa fi bàbá sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ?

Zermatt fúnra rẹ̀ dára lóòótọ́. Wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò elépo wọ ìlú náà, Täsch lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti 1898 ni reluwé kékeré kan ti ń gbé èèyàn lọ sókè Gornergrat, tó ga tó 3,089 mítà. Màmá arúgbó lè jókòó dé ibi tí yìnyín wà láìfẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ọjọ́ kan níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Agbẹjọ́rò. Kóòtù níbí, a ti gbà. Ẹ̀gbọ́n Abárìnjò, ibi tó ń dùn wá lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Wọ́n ti kọ bàbá ọkọ mi ní físà rí, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní tún lọ tò síwájú ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé kò síbi tó súnmọ́ ilé ju Yúróòpù lọ tí yìnyín wà?

Ajòrosùn
Kilimanjaro! Áfíríkà kúkú ni.

Abárìnjò
Ajòrosùn, 5,895 mítà ni. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ làwọn èèyàn fi ń gùn ún, inú àgọ́ ni púpọ̀ wọn sì ń sùn. Ta ló máa ru gèlè màmá ìyàwó?

Ọmọ_Jóbọ̀gì
Lẹ̀sótò wà ńbẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Afriski, ó lé ní 3,000 mítà. Ṣùgbọ́n June sí August ni òtútù ibẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú yìnyín ọ̀hún. Ní oṣù kejì, koríko tútù lẹ máa bá. Gúúsù Áfíríkà lẹ sì máa gbà kọjá, ìyẹn túmọ̀ sí físà mìíràn.

Oníṣòwò_Kasabúláńkà
Ẹ wá sí Mòrókò. Mo ti bá wọn ṣòwò níbẹ̀ pẹ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Físà wà fún àwa ọmọ Nàìjíríà o, kí n má tàn yín, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra ní Èkó tààrà lọ sí Casablanca. Ẹ wọ reluwé níbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ẹ dé Marrakech. Tí ẹ bá dúró ní Marrakech tójú ọjọ́ mọ́ kedere lóṣù kìíní, ẹ̀ ń wọ ẹ̀wù alápá péńpé, ẹ sì ń wo òkè Atlas tó funfun lọ́ọ̀ọ́kán. Toubkal ló ga jù níbẹ̀, 4,167 mítà.

Oukaïmeden ni wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín, tó nǹkan bí 75 kìlómítà sí Marrakech, nǹkan bí 2,600 mítà ló ga. Mọ́tò ń débẹ̀. Ẹ má ro ohun tó rí nínú fíìmù o. Lópin ọ̀sẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí máa ń di ẹrẹ̀, àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn pé kẹ́ ẹ yá pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, àwọn ọkùnrin á sì to ìkòkò tajine amọ̀ sórí èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Èéfín ẹran àti ata wọn yẹn nìkan tó ìdí láti lọ. Ẹ kúrò níbi èrò díẹ̀, ẹ rí ibi tó dákẹ́ tẹ́ ẹ lè dúró sí.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan: ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì 2027 máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, bí oṣù bá ṣe lé sí. Ẹ ò ní fẹ́ máa jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù lójú àwọn tó gbààwẹ̀ lábúlé wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ fà á sí oṣù kìíní.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni yín, bàbá! A ò tiẹ̀ rántí ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni ìdajì mọ̀lẹ́bí ọkọ mi. Oṣù kìíní ni o. Oukaïmeden ni mo fẹ́ báyìí. Inú mi ti ń dùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Ìṣìn
Kí inú yín tó dùn tán, ẹ jẹ́ n bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè. Jẹ́nótáìpù àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ńkọ́?

A ti mọ́ra láti máa bi tọkọtaya nìkan, kí AS má fẹ́ AS. Ti òkè gíga yàtọ̀. Béèyàn ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú ń fúyẹ́ sí i. Láti nǹkan bíi 2,500 mítà, ara ẹnikẹ́ni lè kọ̀ ọ́: orí fífọ́, èébì, àìróorun sùn. Wọ́n ní kéèyàn máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ tí ara bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò dìgbà tó bá dé 2,500 kí ewu tó bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, òtútù, àìmu omi tó, àárẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè dá ìrora sílẹ̀ fún SS, orí òkè oníyìnyín sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. AS náà, tí a máa ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ pé ọlọ inú (spleen) ẹlòmíràn dàrú lórí òkè gíga. Nàìjíríà tí a wà yìí, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín, ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Nọ́ọ̀sì wa, SS ni àbúrò mi. Òun gan-an ló máa dúró tì mí lọ́jọ́ náà. Ó ti ń ra ìbọ̀wọ́ kiri. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.

Màmá_Àgbà_Ọ̀jẹ́
Ọmọ mi, ẹ wá lọ sí Òkè Obúdú. 1,600 mítà ni, òtútù wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè físà lọ́wọ́ bàbá ọkọ. Yìnyín wo ni? Nígbà tí wọ́n ń sìnyàwó nígbà tiwa, a ò rí yìnyín.

Abárìnjò
Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n yìnyín lọmọ yín ń wá, Obúdú ò sì ní in. Kódà Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà, yìnyín kì í bọ́ síbẹ̀.

Àbúrò_Ìyàwó
Ẹ kú àṣeyọrí o. Èmi ni SS tí ẹ̀ ń sọ. Ẹnìkan fi ojú ewé yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ pé mo ń kà á.

Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n mi ṣèpàdé lórí ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ bi èmi. Mo mọ òtútù tó ń yọ mí lẹ́nu ju gbogbo yín lọ, ọyẹ́ Ìbàdàn nìkan ti tó láti dá mi dùbúlẹ̀ rí. Mi ò ní torí ìyẹn jókòó sílé nígbà tí Sísí mi bá ń ṣègbéyàwó, mi ò sì ní fẹ́ kí wọ́n pa ìfẹ́ ọkàn wọn tì nítorí mi kí wọ́n wá máa wò mí pẹ̀lú àánú títí ayé. Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ibi tí mo lè dé fún mi. Ibi tí mi ò lè dé, mo ti gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Ìwọ ọmọ yìí! Wá sínú yàrá.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Ìṣìn
Ẹ káàbọ̀, àǹtí wa. Dókítà tó ń tọ́jú yín ló máa sọ àsọkágbá, torí ó mọ ìtàn ara yín. Ohun tí mo lè sọ rèé. Inú ọkọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bíi ti ibi tó ga tó nǹkan bíi 1,800 sí 2,400 mítà. Tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ẹ sọ bó ṣe rí lára yín fún dókítà, kó mọ̀ bóyá ẹ máa nílò ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ẹ bèèrè òògùn tẹ́ ẹ máa kó dání, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, nítorí oògùn ìrora kan wà tí wọ́n lè dá yín dúró sí ní pápákọ̀ tí kò bá sí ìwé. Omi, omi, omi. Kí ara má tutù rárá, kì í ṣe kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá tutù kẹ́ ẹ tó wá aṣọ. Ẹ má sì sùn sí Oukaïmeden.

Oníṣòwò, ṣé kò sí abúlé tó relẹ̀ sí i níbẹ̀ tí yìnyín ṣì ń hàn?

Oníṣòwò_Kasabúláńkà
Ó wà! Imlil. Nǹkan bí 1,740 mítà, ìdí Toubkal gan-an ló wà, wákàtí kan ààbọ̀ sí Marrakech. Ibẹ̀ làwọn tó fẹ́ gun Toubkal ti ń gbéra. Lóṣù kìíní, yìnyín máa ń bọ́ sínú abúlé náà nígbà mìíràn, ìgbà mìíràn kò ní bọ́, ṣùgbọ́n gbogbo òkè tó yí i ká funfun balau. Igi wọ́nọ̀ọ̀tì ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti wọ́ ewé dànù nígbà náà. Àwọn ará abúlé, ẹ̀yà Amazigh ni wọ́n, ìbaaka ni wọ́n fi ń ru ẹrù gòkè. Ìyàwó lè gun ìbaaka débi tó ti máa dúró! Ẹ fi Rolls-Royce sílẹ̀ fún àwọn ará Bódìjà.

Ẹ mọ̀ pé láti ìparí 2018, kò sẹ́ni tó lè gba ọ̀nà Toubkal lọ láìní afinimọ̀nà tó níwèé àṣẹ. Ẹ gba ọ̀kan, kódà tí ẹ ò bá fẹ́ gun òkè náà. Òun ló mọ ibi tí yìnyín lè ya lulẹ̀. Ẹ sì béèrè dáadáa nípa ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí, ìmìtìtì ilẹ̀ September 2023 ba ilé púpọ̀ jẹ́ lágbègbè yẹn.

Fọ́tò_Dùgbẹ̀
Mo ti ń dúró dìgbà tí wọ́n máa mẹ́nu ba fọ́tò. Ẹ má mú oníkámẹ́rà tí kò mọ̀ nípa yìnyín lọ. Kámẹ́rà rí funfun tó pọ̀, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù. Yìnyín á jáde bí eérú, ojú yín tó dúdú á sì di òjìji. Kó fi ìmọ́lẹ̀ kún èyí tí kámẹ́rà wọ̀n ní ìwọ̀n kan sí méjì (stop), kó sì tún wo ojú ìyàwó nínú fọ́tò lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, yìnyín yẹn á máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sábẹ́ àgbọ̀n yín, kò sí iná tá a lè gbé lọ tó tó o.

Báátìrì máa ń tètè kú nínú òtútù. Àpò inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà ni kó tọ́jú àwọn yòókù sí. Fóònù ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Tó bá sì fẹ́ wọlé síbi tó móoru, kó kọ́kọ́ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá pinpin, kó fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á bo lẹ́ńsì, nígbà míì ó máa ń wọnú ẹ̀ lọ. Àtipé oòrùn máa ń tètè wọ àárín òkè, kí aago tó lu mẹ́ta lẹ ti gbọ́dọ̀ parí ẹ̀jẹ́.

Gáàùnù funfun lórí yìnyín funfun, orí nìkan lèèyàn máa rí nínú fọ́tò. Ẹ wọ àwọ̀.

Aláṣọ_Òkè_Gbági
Àlàárì! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi sányán tàn yín, àwọ̀ rẹ̀ máa sọnù sára òkúta ibẹ̀. Àlàárì pupa lórí yìnyín, gbogbo ayé á rí i. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé láyé àtijọ́, òwú sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì, aṣálẹ̀ Sàhárà ló gbà wá láti àríwá. Ẹ̀ ń gbé e padà sí ọ̀nà tó gbà wá.

Ṣùgbọ́n òwú wà nínú púpọ̀ aṣọ òkè ìsinsìnyí. Tí òwú bá rin, kò mú èèyàn móoru mọ́. Aṣọ irun àgùntàn tó lẹ̀ mọ́ra ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ sábẹ́, lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ ìró àti bùbá. Ẹ sọ fún télọ̀ kó wọ̀n yín pẹ̀lú aṣọ abẹ́ yẹn lára, kì í ṣe láìsí i. Agbádá ọkọ, kó jẹ́ kékeré, torí tí afẹ́fẹ́ òkè bá kó sínú agbádá ńlá, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló máa dà. Gèlè, kẹ́ ẹ ran án pọ̀ láti ilé, kó ní okùn lábẹ́. Bàtà gogoro, ilé ni kó wà. Ẹ sì fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ojú, ẹ wọ awò dúdú. Yìnyín ń ta ìtànṣán oòrùn padà, awọ dúdú náà ń jóná.

Ìyá_Ìbejì_Alásè
Ẹ ò sọ ti oúnjẹ! Bí ibì kan bá ṣe ga tó ni omi ibẹ̀ ṣe ń tètè hó kó tó gbóná tán. Ní 1,740 mítà, nǹkan bíi dígírì 94 ni omi ti ń hó, kì í ṣe 100. Jọ̀lọ́ọ̀fù máa pẹ́ lórí iná, ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ńkọ́, ẹ mú ìkòkò tó ń tì pa dání. Àmàlà ṣeé rò, ṣùgbọ́n ẹ má gbé omi sọ̀ kẹ́ ẹ tó da èlùbọ́, orí iná ni kẹ́ ẹ rò ó sí. Obì, orógbó, ataare àti oyin, Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti rà wọ́n. Ọtí ò ní wọ́pọ̀ lábúlé mùsùlùmí, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mutí nínú òtútù, ooru ara rẹ̀ ló ń tú dànù bó tilẹ̀ ń rò pé òun móoru.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
A jókòó sọ ọ́ lálẹ́ àná, èmi, ọkọ mi, àbúrò mi àti màmá. Ìdána àti kóòtù ní Ìbàdàn, oṣù kejìlá, kí gbogbo ẹbí náwó títí ọwọ́ á fi ro wọ́n. Oṣù kìíní, Imlil. Ẹ̀jẹ́ máa wáyé nínú abúlé, yálà yìnyín bọ́ tàbí kò bọ́. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ gbé e máa bá afinimọ̀nà lọ sí Oukaïmeden lọ ya fọ́tò, a ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àbúrò mi ní òun ò bá wa lọ sókè, pé òun á dúró ti bàbá ọkọ nídìí iná, kí òun gba owó tí wọ́n bá ná fún mi sápò. Ó máa rí dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwa tó kù ń lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, torí mẹ́rin nínú wa ò mọ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí_Ìṣìn
Ẹ ṣeun. Kí àwọn mẹ́rin yẹn má fi ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ tí wọn ò rí mọ́ ṣe àwáwí o. Kí wọ́n tún un ṣe.

Màmá_Àgbà_Ọ̀jẹ́
Ó dáa, mo ti gbọ́. Aṣọ ẹbí ti oṣù kejìlá ńkọ́? Àwọ̀ wo ni, èló sì ni bọ́ńdùlù kan? Ẹ má dúró dìgbà tí Gbági bá gbówó lé e.